Àwọn áàpù orin nínú yàrá ìkàwé: ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ bá wa dá sí i

Àǹtí_Ìkàwé

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Yàrá ìkàwé àdúgbò tí mò ń mójú tó ní Òkè-Fìà ti ní kọ̀ǹpútà méjì àti wáífáì báyìí, sólà ló sì ń gbé wọn. Yàtọ̀ sí ìbéèrè ìdánwò JAMB, orin ni àwọn tó ń wọlé ń wá jù. Kì í ṣe èyí tó ń lọ nígboro lọ́wọ́, ìyẹn ti wà lórí fóònù gbogbo wọn. Àpàlà, sákárà, wákà, jùjú àtijọ́, ìlù bàtá. Ọmọ iléèwé ń wá a nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá, àwọn àgbà ń wá a nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà nílé ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ti kú.

Ni mo bá mú Spotify, Boomplay, Audiomack, Apple Music àti YouTube Music, mo ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin Yorùbá tó wà níbẹ̀ pọ̀, ká má purọ́. Kéèyàn tó rí ohun tó ń wá ni iṣẹ́. Ẹ wá Sikiru Ayinde Barrister wò: ẹ ó rí i lábẹ́ orúkọ tó ní Dókítà, ẹ ó rí i lábẹ́ èyí tó ní Alhaji, ẹ ó tún rí i lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwo tó wà lábẹ́ ọ̀kan kò sì sí lábẹ́ èkejì. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé èèyàn mẹ́ta ni wọ́n.

Ẹ wá wo Oroki Social Club ti Haruna Ishola, tí wọ́n fi kí ẹgbẹ́ ìlú wa. 1971 ló jáde. Lórí ọ̀kan nínú àwọn áàpù tí mo dán wò, ọdún tí wọ́n gbé e sórí síídì ni wọ́n kọ sí i, bẹ́ẹ̀ Haruna fúnra rẹ̀, Bàbá Gani Àgbà, ti kú láti 1983. Bí ọmọ bá kọ ọdún yẹn sínú iṣẹ́ rẹ̀, ta ni olùkọ́ á bá wí?

Ìbéèrè mi nìyí: tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, èwo lẹ máa fi sórí kọ̀ǹpútà? Ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká fi ọ̀kankan síbẹ̀?

Túndé_Wáyà

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti dátà, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú áàpù Spotify, ìwọ̀n dátà tó kéré jù tí orin ń jẹ jẹ́ kílóbíìtì 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; bó bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn á ṣe mọ́ tó. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 96, òmíràn 160, ẹni tó bá ń sanwó sì lè gbé e dé 320. Ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí kan ní 24 ń jẹ bíi MB 11, ní 96 ó ń jẹ bíi 43, ní 160 ó ń jẹ 72, ní 320 ó ń jẹ 144. Kọ̀ǹpútà méjì tó ń kọrin fún wákàtí mẹ́fà ní 96 kò ní jẹ ju MB 520 lọ lójúmọ́. Fídíò ló ń jẹ dátà, kì í ṣe orin. Ẹ ti YouTube pa, ọ̀ràn dátà ti yanjú.

Ní tèmi, Boomplay ni kẹ́ ẹ mú. Wọ́n ti máa ń fi sórí ọ̀pọ̀ fóònù TECNO, Infinix àti itel kí èèyàn tó rà á, àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ yín ti mọ̀ ọ́n lò.

Àyàn_Ìsàlẹ̀_Ọ̀ṣun

Bọ̀dá Túndé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi 24 gbọ́ ìlù o! Mo ti dán an wò. Ohùn ìyáàlù á dún, ẹ ó sì gbọ́ ohun tó ń wí, torí ohùn rẹ̀ ò lọ sókè jù. Ṣùgbọ́n ṣaworo ara rẹ̀ á máa ta bí ẹni tó ń dín àkàrà. Ti bàtá tún burú jù. Ṣáṣá, ojú kékeré tí a ń fi bílálà nà, òun ló ń já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Ní 24, etí ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí kí òmíràn tó bọ́ sí i. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ò lè rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ó kéré tán 160, pẹ̀lú earpiece gidi.

Èyí tó tún ń dùn mí ni pé áàpù á sọ ẹni tó kọrin, kò ní sọ ẹni tó lu ìyáàlù, kò ní sọ ẹni tó lu gúdúgúdú, kò ní sọ ẹni tó ta àgídìgbo. Bàbá mi lù nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí ẹ ó bá lórí gbogbo áàpù tí àǹtí dárúkọ yẹn. Orúkọ wọn ò sí níbì kankan.

BàbáKásẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àpérò. Mo ta rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì l'Ọ́jà Ọba títí síídì fi dé, títí síídì náà fi lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ díẹ̀.

Orin wa kì í ṣe oníṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Rẹ́kọ́ọ̀dù kékeré tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan láyé àtijọ́ ni kì í gbà ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá dé, ojú kan ń lọ sí bíi ogún ìṣẹ́jú, olórin jùjú á so orin márùn-ún mẹ́fà pọ̀, ìlù ò ní dúró. Lára páálí ni wọ́n ti ń to orúkọ wọn. Nígbà tí wọ́n wá kó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ di orin kan ṣoṣo, orúkọ ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń pè é. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀kẹrin, ẹ ó wá a kalẹ̀, kò ní yọjú, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ tó ń dún.

Àwọn tí wọ́n kì nínú orin ńkọ́? Oníbàárà tó bá wá sí ìsọ̀ mi kì í sábà béèrè orúkọ àwo. Á ní, "Bàbá, èyí tí wọ́n ti kí Alhaji Báyìí-báyìí ni kẹ́ ẹ fún mi." Ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń nawọ́ mú un. Nígbà mìíràn, ẹni náà ò mọ orúkọ Alhaji náà. Ó kàn mọ̀ pé onígi pákó ni, tàbí pé ó ń ta aṣọ ní Gbágì. Ìyẹn náà ń tó mi. Mo fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bi fóònù ọmọ-ọmọ mi. Orin ìyìn ìjọ ló fi dá mi lóhùn.

Ọmọ_Ìkirè

Ẹ ṣeun Bàbá 😂 Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ni mí, ní ọgbà Ìkirè. Gígùn orin tí ẹ sọ yẹn kan owó náà o. Lórí Spotify, tí èèyàn bá ti gbọ́ orin dé ìṣẹ́jú-àáyá 30, wọ́n ti kà á ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó gbọ́ ogún ìṣẹ́jú jùjú látòkè délẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n kà fún un. Láti 2024 pẹ̀lú, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ ro iye rẹ́kọ́ọ̀dù sákárà tó wà nísàlẹ̀ ìlà yẹn. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ fi áàpù ran ẹbí àwọn olórin àtijọ́ lọ́wọ́, kó tètè wá ọ̀nà mìíràn kún un.

Dúdú_Aládùúgbò

Kí ni gbogbo àlàyé yìí wà fún? Ẹ ṣí àkáǹtì kan, ẹ sanwó oṣù, ẹ so ó mọ́ sípíkà, kí gbogbo ilé máa jayé. Ó parí.

Agbẹjọ́rò_Ìgbóǹnà

Kò tíì parí, ọ̀rẹ́ mi. Àdéhùn tí gbogbo wa ń tẹ "mo gbà" sí láì kà á, ó sọ ọ́ kedere, ti Spotify àti ti Apple Music: ìlò ara ẹni ni, wọn ò ṣe é fún ṣọ́ọ̀bù, wọn ò ṣe é fún ibi tí gbogbo èèyàn ń wọ̀. Àkáǹtì ìdílé Spotify tó ń gba èèyàn mẹ́fà, àwọn tó ń gbé ojúlé kan náà ló wà fún. Yàrá ìkàwé kì í ṣe ìdílé, bó ti wù ká fẹ́ràn ara wa tó.

Ti sípíkà tún yàtọ̀. Bí ẹ bá ń lu orin sétí gbogbo èèyàn, òfin gbà pé ẹni tó ni orin lẹ́tọ̀ọ́ sí owó níbẹ̀. MCSN ni ẹgbẹ́ tó ń gba owó bẹ́ẹ̀ fún àwọn olórin. Àjọ Kọ́pírààtì Nàìjíríà fún wọn láṣẹ ní 2017. Bí yàrá ìkàwé bá fẹ́ sípíkà ní dandan, àwọn ni kí ó kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi àkáǹtì ara rẹ̀ gbọ́ ọ sétí ara rẹ̀ lórí wáífáì yín, kò sẹ́ni tó lè fẹ̀sùn kàn yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi Oroki Social Club yẹn ṣe àpẹẹrẹ, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé orin tó bá ti pẹ́ ti di ti gbogbo ayé. Òfin tuntun ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ààbò fún 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó jáde. Ti 1971 ti tán ní ìparí 2021 nìyẹn. Orin fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe hun ún àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ní ààbò fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú. 1983 ni Haruna Ishola kú, nítorí náà ó di ìparí 2053. Ogún àwọn ọmọ wọn ṣì ni.

Òfin yẹn kan náà gba ilé-ìkàwé láyè láti ṣe ẹ̀dà ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó má bàa parun. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo wí o. Èyí tí ẹ ń gbọ́ lórí áàpù, ẹ ò ní in. Ẹ kàn ń sanwó ìgbọ́ rẹ̀ ni.

Dúdú_Aládùúgbò

Lọ́yà, ta ló máa gbéra l'Ékòó wá mú èèyàn l'Ókè-Fìà nítorí àpàlà?

Agbẹjọ́rò_Ìgbóǹnà

Bóyá kò sẹ́nì kan. Ṣùgbọ́n yàrá tó lẹ "Ẹ má ṣe ẹ̀dà odindi ìwé" mọ́ ògiri là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o.

Òròkí_Ìlú_Ọba

Ẹ̀gbọ́n lọ́yà ti sọ̀rọ̀. Níbí nílùú Ọba, ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ló ń san àsansílẹ̀ fún Naxos Music Library, ibi ìgbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà káàdì ìkàwé mi ni mo fi ń wọ̀ ọ́ láti ilé, n kì í san nǹkan kan. Ilé-ìkàwé ló bá wọn dúnàá-dúrà, iye èèyàn tó lè máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà sì wà nínú ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó dá iye lé e. Amẹ́ríkà ní Hoopla: ohun kọ̀ọ̀kan tí òǹkàwé bá yá ni ilé-ìkàwé ń sanwó rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n dìídì ṣe fún ilé-ìkàwé.

Ṣùgbọ́n ẹ má jowú wa jù. Orin àwọn Mozart ló kún inú Naxos. Bí Yusuf Olatunji bá ń hun mí gbọ́, ibi tí ẹ̀yin náà ń lọ ni mò ń sá lọ. Èyí tó wù mí níbẹ̀ ni pé orúkọ àwọn tó lo ohun-èlò sábà máa ń wà níbẹ̀, ìwé pélébé inú síídì náà sì sábà máa ń wà láti kà. Ohun tí Àyàn ń sọ gan-an nìyẹn.

Olóhùn_Atẹ́gùn

Ẹ má gbàgbé àwa náà. Èmi ò ríran, fóònù mi ló ń ka ojú ara rẹ̀ sí mi létí. Ó ń pe orúkọ Yorùbá bí òyìnbó, mo ti mọ̀ ọ́n tú. Àwòrán páálí ni mi ò rí ọgbọ́n dá sí. Gbogbo ohun tí Bàbá ní ó wà lára páálí yẹn, tí wọ́n bá ya á ní fọ́tò lásán, "àwòrán" ni fóònù á kàn pè fún mi, á sì kọjá. Ẹni tó bá jókòó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà, tó to orúkọ orin inú ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, oore ńlá ló ṣe mí. N kò ní máa fò kiri láàárín ogún ìṣẹ́jú bí ẹni ń wá owó tó já bọ́.

Túndé_Wáyà

Kí ẹnì kan má tún wá sọ pé ká kàn dawunlóòdù wọn sínú áàpù kó di ti ilé-ìkàwé o. Fáìlì yẹn ò ṣí níbòmíràn. Spotify ní kéèyàn padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 30, bí owó bá sì tán, ohun tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ lọ nìyẹn. Olórin fúnra rẹ̀ náà lè kó ẹrù rẹ̀. Neil Young, olórin ará Kánádà, kó orin rẹ̀ kúrò lórí Spotify ní 2022, ọdún 2024 ló tó dá a padà.

Àǹtí_Ìkàwé

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, èmi àti àwọn tá a jọ ń ṣe é sì ti jókòó lé e. Ibi tá a dé nìyí.

A ò ní ra àkáǹtì kankan fún yàrá náà. Wáífáì wà, ẹni tó bá ní áàpù lórí fóònù rẹ̀, kó fi earpiece gbọ́ ọ. Sípíkà ò wọlé (Dúdú, ẹ má bínú).

Kọ̀ǹpútà la fẹ́ lò fún ohun tí àwọn áàpù ò ṣe. Láti ọjọ́ pípẹ́, bí òǹkọ̀wé bá ní orúkọ mẹ́rin, ilé-ìkàwé á mú ọ̀kan ṣe olórí, á sì tọ́ka àwọn yòókù sí i, ibi yòówù kéèyàn gbà wọlé, ibi kan náà ló máa já sí. Ohun tá a fẹ́ ṣe fún olórin nìyẹn. Ojú ìwé kan fún àwo kọ̀ọ̀kan: orúkọ olórin pẹ̀lú àmì ohùn, gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ lórí áàpù, ọdún tó kọ́kọ́ jáde, orin tó wà lójú kìíní àti ojú kejì pẹ̀lú ìṣẹ́jú wọn, àwọn onílù, àwọn tí wọ́n kì, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe bí a bá mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, áàpù tí èèyàn ti lè gbọ́ ọ. Áàpù á máa kọrin, àwa á máa júwe ọ̀nà. Lẹ́tà la ó tẹ gbogbo rẹ̀, kì í ṣe fọ́tò, kí Olóhùn_Atẹ́gùn lè bá wa kà á.

Ohun tá a bá rí tó dájú, a ó fi sórí MusicBrainz àti Discogs pẹ̀lú, àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń to àkọsílẹ̀ àwo orin sí. Ẹnikẹ́ni ló lè forúkọ sílẹ̀ kó fi kún wọn, kò sówó ńbẹ̀.

Èyí tí mi ò gbà ni ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ pé "ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí la tún ń tọ́jú rẹ́kọ́ọ̀dù sí?" Ìlú tí Dúró Ládípọ̀ ti dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962, tí wọ́n bí King Sunny Adé sí, tí Bàbá Gani Àgbà wá kọrin fún, kí ọmọ ibẹ̀ máa dúró de áàpù kó tó mọ ẹni tó lùlù?

Túndé_Wáyà

Ọ̀rọ̀ yín dùn mà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn pọ̀ ju ọwọ́ yín lọ. Ta ló máa jókòó gbọ́ ogún ìṣẹ́jú lójú kọ̀ọ̀kan kó lè kọ ìṣẹ́jú tí orin kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀? Ẹ fi ìṣẹ́jú sílẹ̀ ná, ẹ kọ́kọ́ to orúkọ.

Ọmọ_Ìkirè

Èmi àti àwọn bíi mélòó kan ní kíláàsì wa lè wá bá wọn ṣe é ní ìsinmi. A ò níṣẹ́ mìíràn tá à ń ṣe ju orin gbígbọ́ lọ tẹ́lẹ̀ 😂 Àǹtí, ẹ tún lọ bá àwọn CBCIU, ilé-iṣẹ́ àṣà àwọn èèyàn dúdú tó wà l'Ábẹ́rẹ́. Ohun tí Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tó ṣèwádìí àṣà Yorùbá, kó jọ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú páálí kí ikán má jẹ ẹ́.

Àyàn_Ìsàlẹ̀_Ọ̀ṣun

Ti àwọn onílù, ẹ gbé e fún mi. Àwọn àgbà tó lè fi etí mọ ọwọ́ ẹni tó lù ú ṣì wà lágbo ilé wa. Ẹ jẹ́ ká tètè lọ bá wọn. Mo sì fẹ́ ká gba ohùn ìlù ọdún Ọ̀ṣun sílẹ̀ fún yàrá náà, kò sí èyí tó kún tó lórí áàpù kankan.

Agbẹjọ́rò_Ìgbóǹnà

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń lùlù kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ síwájú wọn, kó sì wà ní kíkọ. Òfin fún ẹni tó ṣeré lẹ́tọ̀ọ́ tirẹ̀, ó sì ní apá tó dáàbò bo àṣà ìbílẹ̀ lọ́tọ̀. Mo lè bá yín kọ ìwé àdéhùn náà. Kì í ṣe tówó.

BàbáKásẹ́ẹ̀tì

Rẹ́kọ́ọ̀dù tó kù lọ́wọ́ mi kún àpótí, páálí wọn pé. Èmi ò tà wọ́n mọ́. Kí ẹnì kan wá fi mọ́tò kó wọn.

Àǹtí_Ìkàwé

Bàbá, ẹ ṣé o, a dúpẹ́ gan-an. A ó wá lówùúrọ̀ kí oòrùn tó mú, torí tí ooru inú mọ́tò bá mú wọn, ńṣe ni wọ́n máa tẹ̀. A ní tábìlì àti pẹpẹ. Ẹ̀rọ tó ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù ni a ò ní.

Túndé_Wáyà

Ọ̀kan wà nílé bàbá mi, mọ́tò inú rẹ̀ ń yí. Abẹ́rẹ́ ni kò ní.

BàbáKásẹ́ẹ̀tì

Irú abẹ́rẹ́ wo? Ti 78 yàtọ̀ sí ti rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá o, ẹ má fi ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Ya fọ́tò orí apá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n wo inú àgóló mi.